Wáyà jọ́ísítíkì Commodore 64 mi, àti owó tó bá a lọ

₦6,000 ni ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tákíẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, gbà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí ẹ̀rọ mi, ó wò ó, ó dé e padà. Ó ní áísì inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń gba àṣẹ látọ̀dọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti jọ́ísítíkì, ti kú, kí n lọ wá ₦25,000 míì wá. Kò fi mítà, ẹ̀rọ tó ń dún tí iná bá lè gba inú wáyà kọjá, kan nǹkan kan. Inú ṣì ń bí mi di òní, torí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé Commodore 64 yẹn, kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ tí a fi ń ṣe géèmù, ti ìlú ọba bọ̀ ní 1986, èmi ni wọ́n sì fi lé lọ́wọ́.

Ohun tó ń ṣe jọ́ísítíkì náà, ọ̀pá tí a fi ń darí géèmù, kò ju pé kò lọ sọ́tùn-ún mọ́. Tí mo bá tẹ wáyà rẹ̀ níbi tó ti wọ inú ike, á tún lọ. Àyẹ̀wò kan sì wà tí kò gba kọ́bọ̀: ẹ ki jọ́ísítíkì bọ ihò kìíní lára kọ̀ǹpútà náà láìgbé géèmù kankan sí i. Ẹ tì í sókè, "1" á jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tì í sọ́tùn-ún, "2" á jáde, torí ojú ọ̀nà kan náà ni jọ́ísítíkì àti kíbọ́ọ̀dù ń gbà dé ọ̀dọ̀ áísì. Tèmi ń kọ "1", kò kọ "2". Mo wá tẹ 2 lórí kíbọ́ọ̀dù, ó jáde kedere. Ṣé áísì tó ti kú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ògùnpa n'Ìbàdàn láti ra wáyà míì. Wọ́n fún mi ní wáyà kọ̀ǹpútà kan tó lẹ́nu oníhò mẹ́sàn-án, bíi ti jọ́ísítíkì gẹ́lẹ́. ₦3,500, lẹ́yìn tí mo ná an títí. Mo délé, mo gé e, mo bó o. Wáyà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀! Mẹ́fà ni jọ́ísítíkì ń lò: píìnì 1 fún òkè, 2 fún ìsàlẹ̀, 3 fún òsì, 4 fún ọ̀tún, 6 fún bọ́tìnì ìbọn, 8 fún ẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wọn jọ ń lò. Bákan náà ló rí lára Atari 2600, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ míì. Èyí tí mo rà so 2, 3 àti 5 nìkan, kò sí 8 tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì jọ́ísítíkì níbẹ̀ rárá.

Mo pe ọlọ́jà náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gé e kẹ̀. Ta ni mo fẹ́ tún un tà fún?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé gbogbo ẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo fi mítà kan wáyà àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ń dún. Ti píìnì 4 dákẹ́, àfi tí mo bá tẹ ọrùn rẹ̀. Mo la rọ́bà dúdú náà níbẹ̀: bàbà inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti já pátápátá, bẹ́ẹ̀ rọ́bà òde kò ní àpá kankan. Ìwọ̀n ìka mẹ́rin ni mo gé dànù, mo sì fi lẹ́ẹ̀dì jó èyí tó kù padà. Jíjó lẹ́ẹ̀dì kò gba àlàyé. Ẹ ṣáà ya fọ́tò ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì ta wáyà náà ní kókó nínú ike, kí fífà má bàa dé ojú ibi tí ẹ jó.

Tó bá sì di dandan kí ẹ ra òmíràn, ẹ mú mítà dání, kí ẹ kan píìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níṣojú ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó. Ilé ni tèmi wà lọ́jọ́ tí mo lọ Ìbàdàn.

Mo ki í bọ ihò kìíní, mo tì í sọ́tùn-ún. 2. Mo tún tì í. 22. Mo ké sí ọmọ mi pé kó sáré wá wò ó.