Wọ́ṣà ìdí ìrù bàálù

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ̀ ń to bàálù kékeré fúnra yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí ìrù níbi tọ́wọ́ ò ti wọlé, ẹ ki òwú bọnú ihò wọ́ṣà, ìyẹn òrùka pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ di orí ẹ̀ méjèèjì mú, tó bá já bọ́ ẹ ó kàn fà á jáde ni, tí bóòtù bá sì ti wọnú ẹ̀ ẹ fa orí òwú kan, á yọ kẹ́ ẹ tó fún nọ́ọ̀tì. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, odindi ọ̀sán ni mo fi ń fi mágínẹ́ẹ̀tì wá wọ́ṣà, àṣé alumíníọ̀mù ni, mágínẹ́ẹ̀tì ṣe máa gbé e! Ẹ ka wọ́ṣà yín ṣáájú, ẹ tún un kà lẹ́yìn, torí èyí tó bá sọnù síbẹ̀ lè há elevator, ìyẹn abala ìrù tó ń mú imú bàálù lọ sókè-sódò, lójú òfuurufú.