Bí ẹ ṣe máa fi titration (dída alkali sínú ásíìdì díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi pa ara wọn rẹ́) ásíìdì tó lágbára wé ti èyí tí ò lágbára

Ẹ wọn HCl (ásíìdì tó lágbára) 0.1 M, 25 cm³, sínú fláàsì kan, ẹ wọn ethanoic acid (èyí tí ò lágbára) 0.1 M, iye kan náà, sínú òmíràn, NaOH (alkali) 0.1 M ló máa wà nínú burette (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ohun tí wọ́n ń kán sílẹ̀). M ni ìwọ̀n bí èròjà ṣe pọ̀ tó nínú omi. pH (òǹkà tó ń fi hàn bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tó) HCl á bẹ̀rẹ̀ láti 1, ti ethanoic á wà ní bíi 2.9. Ẹ máa da NaOH sí i díẹ̀díẹ̀, tó bá ti ń sún mọ́ 25 cm³ ẹ jẹ́ kó máa kán tó, tó, tó ni o, torí ibẹ̀ ni pH ti máa fò sókè lójijì. Àwọn kan rò pé èyí tí ò lágbára á gba NaOH tó kéré, rárá o, 25 cm³ náà ni. Àmọ́ HCl á parí sí pH 7, ethanoic sí bíi 8.7, torí náà phenolphthalein (èròjà tó ń yí àwọ̀ padà láti fi òpin titration hàn) ni kẹ́ ẹ lò fún ethanoic, methyl orange (òmíràn irú rẹ̀) á kàn tàn yín jẹ ni.