Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Ṣàlàyé Òkìkí Mona Lisa fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Kò sí olùkọ́ iṣẹ́-ọnà kan ní Kábbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà tí yóò fi àwòrán Mona Lisa han àwọn ọmọ tí wọn kò ní bi í pé kí ló wà lára obìnrin yìí tí gbogbo ayé fi ń pariwo rẹ̀. Bí ẹ bá dá wọn lóhùn pé nítorí pé ó dára ni, ẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dáhùn, torí pé àwòrán tó dára pọ̀ lọ jàra nínú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris tí ó wà. Iṣẹ́ ọwọ́ Leonardo da Vinci, ẹni tó yà á, ló jẹ́ kí àwọn ayàwòrán bọ̀wọ̀ fún un, olè ló sì jẹ́ kí àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ náà ná, kí ẹ tó sọ ìtàn olè.

Ẹ gé páálí kan kí ó ga ní 77 sẹ̀ǹtímítà, kí ó sì fẹ̀ ní 53, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì, nítorí bí àwòrán náà ṣe tó gan-an nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń rò pé ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ wá lẹ àwòrán tí ẹ tẹ̀ jáde mọ́ àárín rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ wo fọ́tò bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó wà lára ògiri pálọ̀ ilé wọn, kí ó sì kọ bí ẹni náà ṣe jókòó. Ohun tí wọn yóò kọ wá máa ń jọra: àgbà náà kọjú sí wa tààrà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì hàn, torí pé ipò àti ọlá ni irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi hàn. Ẹ wá ní kí wọ́n wo Lisa Gherardini, obìnrin inú àwòrán Mona Lisa náà. Ó yí ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yí ojú padà sí wa. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ọwọ́ òsì, kò sì sí òrùka tàbí ẹ̀gbà ọrùn kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aya Francesco del Giocondo, oníṣòwò ṣẹ́dà ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ni. Èyí yóò ya ọmọ tó dàgbà sí ilẹ̀ Bùnú lẹ́nu, níbi tí a ti mọ bí aṣọ pupa kan ṣe lè sọ ipò ẹni. Ní Florence ṣáájú àkókò náà, ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ni wọ́n sábà máa ń yà bí wọ́n bá ń ya obìnrin. Kò pẹ́ tí Raphael, ayàwòrán tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya obìnrin tó jókòó bíi Lisa.

Ẹ̀rín ẹnu Lisa ni kí ẹ fi àkókò sí jù. Ẹ kó èédú wá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fa ìlà dúdú kan sórí bébà, kí ó sì fi ìka ra á díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní lè tọ́ka sí ibi tí ìlà parí sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni etí ẹnu Lisa àti igun ojú rẹ̀ rí, àfi pé ọ̀dà olóròóró ni Leonardo lò, tí ó ń kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ léra lórí pátákó igi. Bí a bá tẹjú mọ́ ẹnu náà, ẹ̀rín a dà bí ẹni pé ó ń lọ. Bí a bá gbé ojú lọ sí ojú rẹ̀, ẹ̀rín a padà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ojú wa a máa rí òjìji ju bí ó ṣe ń rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò fúnra wọn, ẹ má sì kánjú. Nǹkan bí ọdún 1503 ni Leonardo bẹ̀rẹ̀ àwòrán náà, kò sì gbé e fún ọkọ Lisa títí tí ó fi kú ní ilẹ̀ Faransé ní 1519. Ọwọ́ Ọba François Kìíní ni ó bọ́ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa sọ ìtàn olè, ẹ yọ àwòrán náà kúrò lára páálí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró kí wọ́n béèrè. Nígbà náà ni kí ẹ sọ pé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1911, ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti Louvre pa, Vincenzo Peruggia, ọmọ Ítálì tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, yọ àwòrán náà kúrò nínú férémù rẹ̀, ó sì gbé e jáde. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ti lọ. Ìwé ìròyìn káàkiri ayé gbé e, àwọn ọlọ́pàá pe ayàwòrán Picasso pàápàá láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, nígbà tí wọ́n sì tún ṣí Louvre, àwọn èèyàn tò láti wo ògiri òfìfo. Ó lé ní ọdún méjì tí Peruggia fi gbé e pamọ́, kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní Florence ní oṣù Kejìlá 1913, níbi tí ó ti fẹ́ fi í lé oníṣòwò kan lọ́wọ́.

Ìyókù kò nílò àlàyé gígùn: ayàwòrán Marcel Duchamp ya irùnmú sí i lójú lórí káàdì ìfìwéránṣẹ́ ní 1919, wọ́n fi í hàn ní Amẹ́ríkà ní 1963, wọ́n sì gbé e lọ sí Tokyo àti Moscow ní 1974. Bí ọmọ kan bá ní òun gbọ́ pé ọkùnrin ni wọ́n yà, ẹ sọ fún un pé Agostino Vespucci, akọ̀wé ní Florence, kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ ní 1503 pé Leonardo ń ya Lisa del Giocondo lọ́wọ́.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ fún wọn ní àwòrán Tutù, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí wọ́n rí nínú ilé kan ní London ní 2017, tí wọ́n sì tà ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn ní ọdún tó tẹ̀lé e. Kí wọ́n pín ojú ìwé sí méjì, kí wọ́n kọ ohun tí ọwọ́ Enwonwu ṣe sí apá kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí sísọnù àti rírí rẹ̀ fi kún un sí apá kejì. Máàkì tó pọ̀ jù ni kí ẹ fún apá kìíní.