Bí mo ṣe bá ara yínyún ológbò mi jà láì jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ lọ sókè

Dúdú ológbò mi ti ní àtọ̀gbẹ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́, ìyẹn ti mọ́ wa lára. Àmọ́ ìyún yìí lágbára, ó họ ọrùn títí ó fi di egbò, ó lá ikùn títí irun ibẹ̀ fi re dànù, lóru mo máa ń gbọ́ ọ tó ń họra, oorun ò wá.

Dókítà ẹranko tá a kọ́kọ́ lọ bá l'Adó gún un ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, irú tó máa ń pẹ́ lára. Ìyún lọ, inú mi dùn, àṣé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí ó ń mu omi bí ẹni pé òùngbẹ fẹ́ pa á, ó ń tọ̀ káàkiri ilé, mo gún etí rẹ̀ fi mítà wo ṣúgà rẹ̀, ó ti di 480 mg/dL, ó ga jù. Sítẹ́rọ́ìdì kì í jẹ́ kí ínsúlínì ráyè ṣiṣẹ́, èyí tó sì ń pẹ́ lára yìí, tí wọ́n bá ti gún un ó ti wọlé nìyẹn, ẹ ó kàn máa retí kó tán ni.

Dókítà kejì ló sọ pé ká wá ohun tó ń yún un gan-an. Ó ya irun rẹ̀ sórí tíṣù tútù, nǹkan dúdú kéékèèké já bọ́, ó di pupa: ìgbẹ́ eégbọn tó máa ń fò yẹn ni, ẹ̀jẹ̀ Dúdú ló wà nínú ẹ̀. Itọ́ eégbọn yìí ni ara rẹ̀ kò gbà, òun ni wọ́n ń pè ní àléjì, ẹyọ méjì péré ti tó. A kán oògùn eégbọn sí òun àti ajá wa lẹ́yìn lóṣooṣù, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀, mo fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ tó ń sùn lé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi oògùn ajá kán ológbò o! Àbúrò mi ra èyí tó ní permethrin, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kíákíá, ó ń pa ológbò.

Ìyún dín kù, kò tán. Ó wá ku oúnjẹ, torí iyán àti ẹja ló ń bá wa jẹ látọjọ́ yìí, ẹja sì wà lára ohun tí ara ológbò kì í sábà gbà. Ká lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ń yún un, ọ̀sẹ̀ 8, ehoro bíbọ̀ nìkan, kò síyọ̀, kò sí Maggi, pẹ̀lú páúdà tó ní èròjà taurine tí dókítà fún wa torí ẹran lásán ò tó ológbò. Nígbà tí iyán kúrò níbẹ̀, ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, dókítà ní láti dín ínsúlínì kù, ó ní kí n máa ní oyin nílé kí n lè fi pa èrìgì rẹ̀ tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù tó ń gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún ń họra. Mo bi màmá mi, wọ́n ní, "Ìrù pánla kékeré báyìí ni mo fún un, ó ń wò mí lójú." Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé, a tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ìgbà yìí a parí ẹ̀, irun ọrùn ti bo egbò, màmá sì ni wọ́n ń bá mi bọ ehoro báyìí.