Bí a ṣe ń so míksà X32 pọ̀, tí a sì ń tò ó kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀

Bọ́tìnì ló máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ẹni tó bá dúró nídìí míksà dígítà. Mo fẹ́ kí ẹ gbójú kúrò lára bọ́tìnì ná, kí ẹ wo ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Ó ń ti máíkì wọlé, ó ń gba inú míksà kọjá, ó sì ń jáde lọ sí spíkà. Ibi tí ohùn bá ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà yẹn gan-an ni ká ti tún un ṣe. Behringer X32 ni màá fi ṣàlàyé. Ó ti wà lórí àtẹ láti ọdún 2012, òun náà sì ni mo ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Iná

Kọ̀ǹpútà ni míksà yìí. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á, míksà àtijọ́ yóò sọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Eléyìí yóò kọ́kọ́ jí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, gbogbo ìjọ yóò sì máa bojú wẹ̀yìn wò yín. Ẹ fi UPS sí i, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró bí iná bá lọ. Míksà àti stagebox (àpótí tó ń kó ohùn jọ níbi tí akọrin ń dúró sí) nìkan ni kí ẹ so mọ́ ọn, nítorí iná tí ámúpù ń fà pọ̀ jù fún un.

Bí ẹ bá ń tan wọn, kí míksà ṣáájú, kí ámúpù gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá tan ámúpù ṣáájú yóò gbọ́ “gbì!” nínú spíkà, gbì yẹn sì lè ba spíkà jẹ́.

Wáyà

Ẹ̀yìn X32 ní ihò XLR (ihò wáyà máíkì) 32 tí ohùn ń gbà wọlé, ó sì ní 16 tó ń gbà jáde. Ẹ má ṣe ki wáyà spíkà ńlá bọ ihò 1 àti 2. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ihò 15 ni ohùn Main (èyí tí gbogbo ìjọ ń gbọ́) ti apá òsì ti ń jáde, ti apá ọ̀tún sì wà ní 16. Mo ti rí ẹni tó ń wá àbùkù kiri lára ámúpù tí kò ṣe ohunkóhun, nígbà tó jẹ́ pé ihò ló ṣì.

Máíkì ń wọlé tààrà. Kíbọ́ọ̀dù àti gìtá béèsì ní tiwọn, ẹ gba inú DI box kọjá (àpótí kékeré tó ń sọ ohùn wọn di irú èyí tó ń ti máíkì wá), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà wọn tó gùn yóò máa kùn hùn-ùn títí ìsìn yóò fi parí.

Bí ibi tí akọrin ń dúró sí bá jìnnà, stagebox S16 lè fi wáyà Cat5e kan ṣoṣo kó ohùn 16 wá, kó sì dá 8 padà. Ẹ ra wáyà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí inú rẹ̀ ká, kí ó má sì gùn ju mítà 80 lọ. Ihò tí wọ́n kọ AES50 A sí ni kí ẹ ki wáyà náà bọ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, nítorí ihò mẹ́rin ló jọra wọn níbẹ̀: AES50 A, AES50 B, Ultranet àti Ethernet. Ethernet wà fún ráútà tí ẹ ó fi máa darí míksà láti orí iPad. AES50 kò sì gbọdọ̀ gba inú ráútà tàbí switch kankan kọjá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ ROUTING, kí ẹ yan AES50 A fún àwọn channel (ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan nínú míksà) tó ń gba ohùn láti stagebox, mẹ́jọ mẹ́jọ. Bí ẹ kò bá yàn án, iná stagebox yóò máa tàn, ẹ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Gain

Gain ló ń pinnu bí ohùn ṣe máa lágbára tó bó ṣe ń wọ míksà. Níbí ni ohùn ìsìn ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́, nítorí náà ẹ má kánjú. Ẹ tẹ SELECT lórí channel kan, gbogbo bọ́tìnì tí a ń yí tó wà lókè lápá òsì yóò di ti channel yẹn. Ẹ fa fader rẹ̀ (bọ́tìnì tí a ń fà sókè sódò) wálẹ̀. Kí ẹ wá ní kí akọrin kọ ègbè orin tó máa ń gbóná jù lọ, bó ṣe máa kọ ọ́ gan-an. “Testing, one two” kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi ohùn bẹ́ẹ̀ yin Ọlọ́run.

Ẹ yí GAIN díẹ̀díẹ̀ títí mítà tó ń fi agbára ohùn hàn yóò fi máa ṣeré ní nǹkan bíi -18 dB. Bó bá pariwo, kó má kọjá -6. Bí iná pupa bá tàn, ohùn ti fọ́ nìyẹn, bí ẹ bá sì fa fader wálẹ̀, ohùn tó fọ́ náà ni ẹ kàn rọ̀ sílẹ̀.

Máíkì condenser (irú máíkì tó ń lo iná) nílò 48V, iná tí míksà ń gbé fún un. Ẹ tẹ MUTE ná kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Bí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi GAIN sílẹ̀, fader ni kí ẹ máa lò. Ohùn tó ń lọ sí mónítọ̀ (spíkà tí akọrin fi ń gbọ́ ara rẹ̀) ń ti ibi GAIN kọjá, bí ẹ bá gbé e sókè nítorí ìjọ, mónítọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í han fíìì mọ́ akọrin lójú.

Gángan

Fún ohùn èèyàn, Low Cut (tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀) ní nǹkan bíi 100 Hz máa ń kó ariwo ẹsẹ̀ àti èémí kúrò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí gángan, ẹ má sì fi Gate (tó ń pa ohùn tó bá rẹlẹ̀) sí i. Gángan ń sọ̀rọ̀, bí Gate bá sì gé ìparí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ti gé ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Dynamics (tó ń fún ohùn tó bá pọ̀ jù pọ̀) tó le jù náà yóò sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di ọ̀kan náà. Mo ti gbọ́ oríkì tó dùn dáadáa lọ́wọ́ onílù, tó di ariwo lásán nígbà tó dé spíkà. Ó dùn mí gan-an.

Mónítọ̀

Ẹ tẹ SELECT lórí bus mónítọ̀ náà (ọ̀nà tí ohùn ń gbà lọ sí mónítọ̀), kí ẹ wá tẹ SENDS ON FADER. Àwọn fader yóò sún fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń fi hàn yín nísinsìnyí ni bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó nínú mónítọ̀ yẹn. Ẹ fi send náà sí Pre Fader, kí ohun tí ẹ bá ń ṣe fún ìjọ má bàa yí ti akọrin padà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo gbàgbé pé iná SENDS ON FADER ṣì ń tàn. Mo ń gbé fader àwọn akọrin sókè, mo rò pé ìjọ ni mo ń ṣe é fún, àṣé mónítọ̀ pásítọ̀ ni mò ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ó dákẹ́ láàárín ìwàásù, ó ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, iná bọ́tìnì yẹn ni mo máa ń wò kí n tó fọwọ́ kan fader èyíkéyìí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dùn tán, ẹ tẹ SCENES, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sórí USB. Ẹ má ṣe pe scene mìíràn (ètò míràn tí ẹ ti tọ́jú) jáde nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, nítorí ó lè yí gbogbo fader padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ìsìn bá parí, ẹ fa Main wálẹ̀, ẹ pa ámúpù, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pa míksà.