Ẹ má tíì kun ògiri yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tómi ti ń wọlé

Ṣé ẹ mọ ògiri tí mò ń sọ, èyí tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì yẹn, tẹ́ ẹ kùn lọ́dún tó kọjá tó ń dán gbinrin, tẹ́ ẹ tún ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, àfi bí òjò oṣù kẹfà ṣe dé tí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wú káàkiri bí ara ẹni tómi gbóná dà lé, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ á fọ́, ìyẹ̀fun funfun kan á wá máa dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Èmi kun irú ògiri bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní yàrá kan tí mo gbà ní Bàrígà, owó ara mi ni o, ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó jókòó bi ara mi pé kí ló ń ṣe ògiri yìí gan-an. Mo ti bú ọ̀dà, mo ti bú pẹ́ńtà, mo ti bú ẹni tó ta ọ̀dà fún mi. Omi ni, kì í ṣe ọ̀dà.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún yàrá yín ṣe fúnra yín, ẹ jẹ́ kówó ọ̀dà wà lápò ná. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò gba kọ́bọ̀, ojú ló gbà.

Ẹ wo ibi tí àbàwọ́n yẹn wà lára ògiri. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ tó ń gòkè bọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbàdí èèyàn lọ, inú ilẹ̀ lomi ti ń gun ògiri wá. Èyí pọ̀ l'Ékòó gan-an, torí àdúgbò wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí omi ti yọjú, ọ̀pọ̀ ilé ni wọn ò sì tẹ́ ọ̀rá DPC sí, ìyẹn ọ̀rá tí kì í jẹ́ kómi ilẹ̀ gun ògiri, kí wọ́n tó máa to búlọ́ọ̀kù lọ sókè, búlọ́ọ̀kù á wá máa fa omi bíi búrẹ́dì tí wọ́n ti etí ẹ̀ bọ tíì. Tó bá tún wá jẹ́ yanrìn oníyọ̀ ni wọ́n fi kọ́lé, ó tún burú sí i, torí iyọ̀ máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, ìyẹn nìyẹ̀fun funfun tẹ́ ẹ̀ ń gbá ní gbogbo àárọ̀. Tó bá jẹ́ òkè lẹ́bàá sílìn ni àbàwọ́n wà, ẹ lọ wo páànù, nǹkan ń jò níbẹ̀. Tó bá sì wà láàárín ògiri, tí kò mọ òjò tí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo ohun tó wà ní òdìkejì: tó bá jẹ́ bafúrúùmù tàbí kíṣìnì, ẹ fura sí páìpù. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí àbàwọ́n yẹn ká, ẹ ti omi tó ń wọ fúláàtì yín pa lálẹ́ tẹ́ ò bá lò ó, fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń sún sẹ́yìn. Tó bá ń sún sẹ́yìn, púlọ́ńbà lẹ máa pè, ẹ má wulẹ̀ pe pẹ́ńtà.

Abẹ́ fèrèsé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ owó èèyàn jù. Fèrèsé aluminium tó ń wọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá jáde síta tẹ́ ẹ wo férémù ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ máa rí ihò tóóró méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ ihò yẹn ni pé tí òjò bá rọ̀ sínú ojú ọ̀nà tí gíláàsì ń gbà wọ́, kómi gba ibẹ̀ jáde síta. Eruku, èèrà tó ti kú, sìmẹ́ǹtì tí bíríkìlà ta sí i, gbogbo wọn ló máa ń dí i. Tó bá ti dí, omi á kún ojú ọ̀nà yẹn, á wá dà sínú ilé, sínú ògiri abẹ́ fèrèsé. Ẹ bu omi kọ́ọ̀bù kan dà sínú ojú ọ̀nà yẹn, kẹ́ni kan dúró síta máa wò ó. Tómi ò bá jáde níta láìpẹ́, ẹ ti rí olè. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lẹ máa fi tú ihò yẹn, ẹ tì í bọ̀ ọ́ ẹ fà á jáde, ẹ tún da omi sí i títí táá fi máa ṣàn geere. Ìyá kan tó ń gbé lókè wa ti pe bíríkìlà kó wá fọ́ abẹ́ fèrèsé ẹ̀, ó tún un rẹ́, ó gbowó lọ, òjò tó tẹ̀ lé e ibẹ̀ tún rin gbindin. Ẹyọ ìgbálẹ̀ la fi yanjú ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Màmá dúró tì wá wọ́n ń ṣépè fún bíríkìlà. Tí àlàfo bá wà láàárín férémù àti ògiri níta, ẹ fi silicone dí i, ìyẹn dáa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi silicone dí ihò yẹn gan-an. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn ń dí ibi tó ń jò.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ má tíì yé yín títí dìsinsìnyí, kẹ́ ẹ má mọ̀ bóyá inú ògiri lomi ti ń jáde àbí inú yàrá ló ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi àkísà nu ojú ògiri kó gbẹ, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara bí ojú ìwé kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri tí atẹ́gùn ò ní wọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tómi bá sẹ̀ sẹ́yìn ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri, látinú ògiri ni. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yín ló rin, a jẹ́ pé ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá ni, ẹ̀ ń sá aṣọ sínú ilé, fèrèsé kì í ṣí, wọ́dúróòbù fara ti ògiri pinpin. Ẹ fa wọ́dúróòbù síwájú bí àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ ṣí fèrèsé láàárọ̀, ó lè jẹ́ gbogbo àtúnṣe tẹ́ ẹ nílò nìyẹn.

Ó kan tómi inú ilẹ̀. N ò ní parọ́ fún yín, ẹ ò lè dá fi DPC sí ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, iṣẹ́ lánlọ́ọ̀dù nìyẹn, owó ńlá sì ni. Ohun tọ́wọ́ yín ká wà sha. Ẹ jáde lọ wo ẹ̀yìn ògiri yẹn. Ṣé wọn ò kó iyẹ̀pẹ̀ jọ tì í? Ṣé omi AC ò máa ń kán síbẹ̀, àbí omi páànù ń dà sí ìdí ẹ̀ gbàgbà torí pé kò sí gọ́tà? Ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò kí ilẹ̀ ìta fi bí ìka ọwọ́ ṣe nà tó rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, kẹ́ ẹ darí omi síbòmíì. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa tó wọnú ilé. Ẹ fọwọ́ kan ògiri kókókó, ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù nìyẹn, ẹ ha á kúrò títí dé fíìtì kan sókè ibi tí àbàwọ́n parí sí. Ẹ fi bọ́ròṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ yẹn dànù, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí iyọ̀ á yòrò padà sínú búlọ́ọ̀kù. Ẹ wá fi sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan sí sharp sand ìwọ̀n mẹ́rin rẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kómi wọlé sí i, wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà ẹ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, yàrá á rí jákujàku, àlejò á máa bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ dúró. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù láti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi POP ṣe screeding síbẹ̀ fún yín o, ìyẹn kí wọ́n fi POP rẹ́ ojú ògiri kó lè jọ̀lọ̀, gbogbo pẹ́ńtà ìsinsìnyí screeding ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ, POP mu omi, tó bá mu ún tán á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọ̀dà gloss tó ń dán bíi díńgí náà ò ràn án, táìlì ò ràn án, tẹ́ ẹ bá bo omi lójú níbí á gun òkè lọ wá ibòmíì jáde. Wallpaper oní-fóòmù tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn náà, mo ti ṣí ọ̀kan wò rí, èébu dúdú tó wà lẹ́yìn ẹ̀, mo yáa dá a padà mo jáde síta lọ mí.

Kíkùn gangan, ìyẹn ò le. Yàrá 12 nínú 12 tó ga ní fíìtì 10, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ bíi sukuwéà fíìtì 480, tẹ́ ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé á ku bíi 430, ìyẹn sukuwéà mítà 40. Lítà ọ̀dà emulsion tó dáa kan máa ń kun bíi sukuwéà mítà 10 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì máa kùn, lítà 8 nìyẹn, gálọ́ọ̀nù onílítà mẹ́rin méjì ti tó. Ẹ ra méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, torí àwọ̀ kan náà tẹ́ ẹ bá padà lọ rà lóṣù tó ń bọ̀ lè má bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ọ̀dà tówó ẹ̀ bá wálẹ̀ jù, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa kùn ún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ha ọ̀dà tó ti pẹ́, ẹ fi omi rin ojú ẹ̀ díẹ̀ kí eruku má bàa gbalé, kí àwọn ọmọ má sì sí nítòsí, torí lead, ìyẹn òjé tó jẹ́ májèlé, máa ń wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ẹ pa iná níbi mítà kẹ́ ẹ tó tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ọ̀rọ̀ lánlọ́ọ̀dù. Òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé tí ayálégbé bá ṣe àtúnṣe sí ilé, tí lánlọ́ọ̀dù ti fọwọ́ sí i lórí ìwé ṣáájú, tí lánlọ́ọ̀dù bá wá ní kó kó jáde, ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó àtúnṣe yẹn. Lórí ìwé, ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá Àlàájì sọ níwájú géètì ò sí nínú ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí yín tó. Òfin yìí ò kan Apapa, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island o, àwọn tó wà níbẹ̀ kí wọ́n lọ wo ohun tó wà nínú àdéhùn wọn. Èmi ò gba ìwé kankan ní Bàrígà. Ìgbà tí yàrá wá dáa tán, owó ilé ni wọ́n fi kún, wọ́n ní ilé ti rẹwà.

Ìwé yẹn ò gbọdọ̀ gùn. Ẹ kọ déètì, ẹ kọ pé "Mo fẹ́ ha ògiri yàrá, kí n tún un rẹ́, kí n kùn ún, iye tí mo ṣírò rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ẹ máa yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀." Ẹ fi fọ́tò ògiri náà bó ṣe rí báyìí tì í. Kí wọ́n sáínì, kẹ́yin náà sáínì, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ wá lọ ra scraper.