Kí ẹ tó pààrọ̀ ìbú abẹ ìfárùngbọ̀n yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo abẹ gbọọrọ tí à ń pọ́n, tí ẹ fẹ́ fi abẹ 5/8 sílẹ̀ bọ́ sórí 7/8, ẹ gbọ́ kinní kan kí ẹ tó náwó. Nọ́ńbà yẹn ni ìbú abẹ láti ẹ̀yìn dé ẹnu, bí a bá pín íǹṣì kan sí mẹ́jọ: 5/8 tó mìlímítà 16, 7/8 tó 22. Èyí tó fẹ̀ máa ń gba ìfófòó ọṣẹ púpọ̀ kí ẹ tó ṣàn án (ó sì dùn ún wò, lóòótọ́), àmọ́ lábẹ́ imú, wàhálà ni.

Igun tó wà láàárín abẹ àti awọ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe. Nǹkan bíi dìgírì 30 la ń wá. Kí ẹ tó lè rí i, àlàfo àárín ẹ̀yìn abẹ àti awọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì ìbú abẹ: mìlímítà 8 fún 5/8, 11 fún 7/8. Ọwọ́ tí 8 ti mọ́ lára yóò tẹ 7/8 sílẹ̀ dé bíi dìgírì 21, á wá máa fa irun. Ẹni tó ń padà sórí 5/8 gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra, torí àlàfo 11 á gbé e dìde dé bíi 43, á sì máa họ awọ.

Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láàárín. Pípọ́n lemọ́lemọ́ ti lè jẹ 6/8 àtijọ́ kù sí 5/8.